Ẹ̀ṣọ́ Tó Ń Bá Ilé Rẹ̀ Jà: Ìtàn Bí Òye Àrùn Sóráyásísì Ṣe Yí Padà

Ìfáàrà

Sóráyásísì jẹ́ àrùn awọ tó máa ń pẹ́ lára. Ojú ibi tó bá mú á nípọn, á wú díẹ̀, ìpẹ́ funfun á sì bò ó, á máa ré bọ́ sórí aṣọ àti ibùsùn. Ìgbọ̀nwọ́, orúnkún, agbárí àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló sábà máa ń mú jù. Ó lè lọ fún oṣù mélòó kan kí ó tún padà. Kì í ràn. Ẹni tó bá aláìsàn jẹun nínú àwo kan náà, tó bá a sùn lórí ẹní kan náà, kò lè tipa bẹ́ẹ̀ kó o.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ gbà pé inú ètò ààbò ara ni gbòǹgbò àrùn yìí wà. Ètò ààbò ara ni àpapọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun àti ohun èlò wọn, àwọn tó ń ṣọ́ ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn. Nínú sóráyásísì, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kóra jọ sínú awọ tí ọ̀tá kankan kò gbógun tì, wọ́n sì ń jà níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn ọdún 1979 ni òye yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti ka àrùn náà sí ẹ̀tẹ̀, wọ́n sì ti kà á sí àléébù awọ fúnra rẹ̀.

Ìyípadà yẹn ni àkọsílẹ̀ yìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ohun kan hàn nínú rẹ̀ léraléra: oògùn ló sábà máa ń ṣáájú òye. Wọ́n fún aláìsàn ní oògùn nítorí àìsàn mìíràn, awọ rẹ̀ mọ́, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì gbójú kúrò níbẹ̀. Irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ló tú àṣírí àrùn yìí.

1. Bí wọ́n ṣe pè é ní ẹ̀tẹ̀

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, psora, tó jẹ mọ́ ara yíyún. Láti ibẹ̀ ni orúkọ sóráyásísì ti wá. Hippocrates àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà fún oríṣiríṣi àrùn awọ láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Celsus, òǹkọ̀wé ará Róòmù tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ṣàpèjúwe àrùn kan tó jọ sóráyásísì, ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ mìíràn ló kọ ọ́ sí. Galen tó tẹ̀lé e lo orúkọ sóráyásísì gan-an, àmọ́ ìyún tó ń mú ìpéǹpéjú wà lára ohun tó ń fi í pè.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì mìíràn, lepra, ló dá wàhálà ńlá sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àrùn awọ tó bá ti ní ìpẹ́ ni wọ́n ń fi í pè. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ ìwé Lefitiku láti èdè Hébérù sí Gíríìkì, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n lò fún àrùn tí àlùfáà ń yẹ̀ wò ní orí 13. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, orúkọ kan náà wá di ti àrùn burúkú tó ń ba ọmọ ìka àti imú jẹ́. Ẹ̀tẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá náà pè é. Báyìí ni àwọn tí ìpẹ́ funfun wà lára wọn ṣe bọ́ sábẹ́ òfin àwọn adẹ́tẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, wọ́n ń ya adẹ́tẹ̀ kúrò láàárín ìlú, wọ́n sì ń mú kí ó máa lu agogo kí èèyàn lè yà fún un lọ́nà. Àwọn òpìtàn ìṣègùn gbà pé àwọn tí sóráyásísì ń ṣe wà lára àwọn tí ìyà yìí jẹ.

Robert Willan (1757–1812) ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti tú àrùn wọ̀nyí ká. Ilé ìtọ́jú àwọn tálákà tó wà ní Carey Street ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń rí onírúurú àrùn awọ níbẹ̀. Ó tò wọ́n sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe rí wọn: àwọn tó ní ìpẹ́ lọ́tọ̀, àwọn tó lé ròrò olómi lọ́tọ̀, àwọn tó ní ọyún lọ́tọ̀. Ìwé rẹ̀, On Cutaneous Diseases, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1798. Àpèjúwe tó ṣe nípa sóráyásísì péye, ṣùgbọ́n ó ṣì so ọ̀rọ̀ lepra mọ́ ọn.

Ferdinand von Hebra ní ìlú Vienna ló já okùn náà ní 1841. Ó yọ orúkọ lepra kúrò lára sóráyásísì pátápátá, ó sì fi hàn pé àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní 1873, Gerhard Armauer Hansen rí kòkòrò tó ń fa ẹ̀tẹ̀ ní ìlú Bergen, ní ilẹ̀ Nọ́wè. Láti ìgbà náà, ẹ̀tẹ̀ ti ní okùnfà tí a lè tọ́ka sí. Ní ti sóráyásísì, wọ́n wá kòkòrò títí, wọn kò rí.

2. Ohun tí ojú àti èékánná rí

Bí a bá fi èékánná rọra ha ojú ibi tí àrùn yìí wà, ìpẹ́ rẹ̀ á máa ré bọ́ bí ìda àbẹ́là. Bí a bá tẹ̀ síwájú, a ó kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán. Bí ìyẹn náà bá ṣí, ẹ̀jẹ̀ á yọ ní tóótòòtó, bí ìgbà tí a fi orí abẹ́rẹ́ gún un. Heinrich Auspitz, ọmọ ẹ̀yìn Hebra, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àmì yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké abẹ́ awọ ti fẹ̀, wọ́n ti ga sókè, awọ tó bò wọ́n sì ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ ti sún mọ́ òde ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní 1872, Heinrich Koebner sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn ní ìlú Breslau, èyí tí à ń pè ní Wrocław ní ilẹ̀ Pólàńdì lónìí. Ó ní aláìsàn kan tí sóráyásísì yọ sí gbogbo ibi tí ara rẹ̀ bá ti bó, títí kan ojú ibi tí ẹṣin ti bù ú jẹ àti ibi tó fín sí ara. Ojú àpá ni àrùn náà ń wá lọ. Àkíyèsí yìí fi hàn pé awọ tó dà bíi pé ó dá ṣáká lára aláìsàn kò dá ṣáká tán. Ohun kan ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de ọgbẹ́.

Ní 1898, William Munro, dókítà ní Ọsirélíà, fi ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ìpẹ́ náà. Ó rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ṣù jọ ní òkè awọ pátápátá. Ní 1910, Leo von Zumbusch ṣàpèjúwe oríṣi sóráyásísì tó le jù: ara aláìsàn gbóná, awọ rẹ̀ pọ́n, ọyún sì yọ káàkiri. Síbẹ̀ kò sí kòkòrò kankan nínú ọyún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dé, olè kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kà á.

3. Ìdí tí wọn kò fi tètè fura sí ẹ̀ṣọ́

Òye nípa ètò ààbò ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ojú nígbà náà ni. Ní 1882, ní etíkun Messina ní Ítálì, Elie Metchnikoff mú ọmọ ẹran òkun kan tó rí bí ìràwọ̀, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ojú lè rí inú rẹ̀. Ó fi ẹ̀gún òdòdó gún un lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sẹ́ẹ̀lì ti rọ́ yí ẹ̀gún náà ká. Ó wá hàn sí i pé ara ní àwọn tó máa ń sáré lọ síbi tí àjèjì bá ti wọlé, tí wọ́n sì máa ń gbìyànjú láti gbé e mì.

Paul Ehrlich, ẹni tó bá Metchnikoff pín Ẹ̀bùn Nobel ní 1908, kọ́ni pé ara ní ìkórìíra fún bíbá ara rẹ̀ jà, pé ó ní ohun tó ń dè é lọ́wọ́ kí ó má baà fi ohun ìjà rẹ̀ kọ lu ẹran ara tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe gbà á lọ. Àwọn tó tẹ̀lé e sọ ọ́ di pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, èrò yìí dí ọ̀nà mọ́ ìbéèrè. Ní 1956, Noel Rose àti Ernest Witebsky ní ìlú Buffalo, ní Amẹ́ríkà, fi hàn nínú ehoro pé ètò ààbò ara lè ba táíròìdì, ẹ̀yà ara tó wà lọ́rùn, jẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí ogún ọdún sí i kí àwọn oníṣègùn awọ tó gba ibẹ̀ wọlé.

4. Àsìkò ìkunra àti májèlé

Ní gbogbo àkókò yìí, aláìsàn ń fẹ́ ìwòsàn. Omi oògùn tí Thomas Fowler gbé jáde ní 1786 láti ara àsẹ́níìkì ni ọ̀pọ̀ ń mu. Awọ àwọn kan mọ́, ṣùgbọ́n májèlé ni àsẹ́níìkì, bó bá sì pẹ́ lára, ó ń fa jẹjẹrẹ awọ.

Ìyẹ̀fun kan tún wà tí àwọn oníṣòwò Potogí ń kó lọ sí Goa ní Íńdíà. Inú igi araroba ni wọ́n ti ń há a. Igbó Bahia ní Brazil ni igi náà ń hù sí, ilẹ̀ Bahia kan náà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lẹ́rú. Làpálàpá ni wọ́n ń fi ìyẹ̀fun náà wò. Ní àwọn ọdún 1870, Balmanno Squire ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fi í wo sóráyásísì, ó sì ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ta awọ, ó sì ń kun aṣọ. Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì ṣe èyí tó jọ ọ́, dithranol, tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1925, William Goeckerman ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi ọ̀dà èédú kun ara aláìsàn, ó sì wá tan ìtànṣán tí ojú kò lè rí sí i.

Ọdún 1951 ni àkọ́kọ́ nínú àwọn àkíyèsí tí a ti mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀. Gubner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fún àwọn tó ní làkúrègbé ní aminopterin, oògùn kan tí wọ́n ti ń lò fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí sóráyásísì wà lára rẹ̀ nínú wọn, awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ní 1958, methotrexate, tó jẹ́ ìbátan aminopterin, bọ́ sí ipò rẹ̀, ó sì ṣì wà lára oògùn sóráyásísì títí di òní.

Kí ni oògùn yìí ń ṣe? Ìdáhùn ìgbà náà ni pé ó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ń pín dúró. Èyí bá ohun tí wọ́n ń rí nínú yàrá àyẹ̀wò mu. Ní 1963, Eugene Van Scott àti Thomas Ekel wọn bí awọ aláìsàn ṣe ń yára tó. Nínú awọ tó dá ṣáká, sẹ́ẹ̀lì tí a bí ní ìsàlẹ̀ máa ń lò tó nǹkan bí oṣù kan kí ó tó dé òkè, kí ó tó ré dànù. Nínú sóráyásísì, ọjọ́ 3 sí 5 péré ló ń lò. Wọ́n ń bí wọn lọ́pọ̀, wọ́n ń tì wọ́n sókè láìgbó, wọ́n sì ń di ìpẹ́. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti fẹnu kò pé awọ fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ohun tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ ni kò pé.

5. Ọdún 1979

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n kó erùpẹ̀ láti orí òkè Hardangervidda ní Nọ́wè wá sí ilé iṣẹ́ Sandoz ní ìlú Basel, ní Swítsàlandì. Èbu kan wà nínú erùpẹ̀ náà, wọ́n sì yọ èròjà kan lára rẹ̀ tí wọ́n pè ní cyclosporin. Ní 1972, Jean-François Borel àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé èròjà yìí ń dá sẹ́ẹ̀lì T lọ́wọ́ kọ́ láìpa àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù. Sẹ́ẹ̀lì T ni ọ̀gágun láàárín àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun: òun ló ń dá ọ̀tá mọ̀, tó sì ń pe àwọn yòókù sójú ogun. Cyclosporin wá di oògùn pàtàkì fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, kí ara má baà kọ èyí tó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ní 1979, Mueller àti Herrmann kọ lẹ́tà kúkúrú sí ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ń dán cyclosporin wò fún làkúrègbé. Lára àwọn tí wọ́n fún ni àwọn tí sóráyásísì pẹ̀lú ń bá jà. Ìpẹ́ tó ti wà lára wọn fún ọdún gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Lẹ́tà náà kò gùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé dìde wúwo. Bó bá jẹ́ pé awọ ló jẹ̀bi, kí ló dé tí oògùn tó ń dá ọ̀gágun ẹ̀jẹ̀ funfun dúró fi mú un mọ́?

Àwọn kan gbìyànjú láti sọ pé bóyá cyclosporin náà ń dá awọ dúró tààrà. Àríyànjiyàn yìí gba ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1986, Helgi Valdimarsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé sẹ́ẹ̀lì T ló ń ti awọ láti máa yára bẹ́ẹ̀. Ó kù kí ẹ̀rí dé.

6. Bí ẹ̀rí ṣe dé

Ẹ̀rí kìíní ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1972, wọ́n ti rí i pé àwọn àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní HLA, wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní sóráyásísì ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Nígbà tó yá, wọ́n tọ́ka sí ọ̀kan pàtó, HLA-Cw6. HLA dà bí àwo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ han sẹ́ẹ̀lì T. Bí àjogúnbá sóráyásísì bá wà lára irú àwo yìí, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan sẹ́ẹ̀lì T. Ó tún ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń rí ọmọdé tí ọ̀fun ń dùn, tí kòkòrò streptococcus sì ti wọ̀ ọ́ lára, tí sóráyásísì wínníwínní sì yọ sí i lára lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ̀rí kejì wá láti inú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí a ti ń bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ní 1990, wọ́n ròyìn àwọn aláìsàn tó ní sóráyásísì líle, tí wọ́n gba mùdùnmúdùn ẹlòmíràn nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí awọ wọn sì mọ́. Ní ọdún kan náà, wọ́n ròyìn òdì kejì rẹ̀: ẹni tí kò ní àrùn náà rí gba mùdùnmúdùn lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i lára. Awọ kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ ló yí padà.

Ẹ̀rí kẹta ló parí àríyànjiyàn. James Krueger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rockefeller University ní New York lo oògùn kan tí wọ́n fi májèlé kòkòrò dífítíríà ṣe. Wọ́n so májèlé náà mọ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì T tó bá ti gbára dì nìkan máa ń gbà wọlé, tí sẹ́ẹ̀lì awọ kì í gbà. Oògùn náà kò lè ṣe awọ ní nǹkan kan, sẹ́ẹ̀lì T nìkan ló lè pa. Ní 1995, wọ́n ròyìn pé nínú aláìsàn 10, ara 8 yá sí i, mẹ́rin nínú wọn sì yá gidigidi. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Tamara Wrone-Smith àti Brian Nickoloff gbin awọ tó dá ṣáká láti ara àwọn aláìsàn sára eku tí kò ní ètò ààbò tirẹ̀, wọ́n sì fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn aláìsàn náà sí i. Awọ náà di sóráyásísì lójú wọn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

7. Àwọn ońṣẹ́ tí wọ́n ń rán

Nígbà tí wọ́n ti mọ ẹni tó ń jà, ìbéèrè tó kù ni bó ṣe ń pàṣẹ. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kì í sọ̀rọ̀, ońṣẹ́ ni wọ́n ń rán. Àwọn ońṣẹ́ náà jẹ́ èròjà tíntìntín tí wọ́n ń pè ní sáítókáìnì. Ìmọ̀ bí a ṣe lè ṣe àńtíbọ́dì tí yóò mú ońṣẹ́ kan ṣoṣo ti wà láti 1975, nígbà tí Georges Köhler àti César Milstein gbé e jáde ní Cambridge.

Lẹ́ẹ̀kan sí i, aláìsàn tó ń gba oògùn nítorí ohun mìíràn ló tọ́ka ọ̀nà. Infliximab ń mú ońṣẹ́ kan tó ń jẹ́ TNF, àrùn ìfun tó ń jẹ́ Crohn ni wọ́n sì ń lò ó fún. Ní 2000, wọ́n ròyìn aláìsàn kan tó ní àrùn ìfun náà àti sóráyásísì pọ̀, tí awọ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tó gbà á. Ní 2001, wọ́n dán an wò lára èèyàn 33. Nínú àwọn 11 tó gba ìwọ̀n kékeré, ara 9 dá dáadáa. Nínú àwọn 11 tó gba ìwọ̀n ńlá, ara 10 dá. Nínú àwọn 11 tí kò gba oògùn gidi, 2 péré ni. Etanercept, tí òun náà ń mú TNF, gba àṣẹ fún sóráyásísì ní Amẹ́ríkà ní 2004.

Ọ̀nà yìí kò ṣàìní ewu. Ní 2003, efalizumab gba àṣẹ. Kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T ráyè wọ inú awọ. Àwọn kan tó gbà á fún ìgbà pípẹ́ ní àrùn ọpọlọ tó ń pani, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n dá dúró kò lè ṣọ́ ọpọlọ mọ́. Ní 2009, wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ ni pé kò dára kí a de gbogbo ẹ̀ṣọ́ nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń ṣìnà.

Ní 2000, wọ́n ti rí ońṣẹ́ mìíràn, interleukin-23. Ní 2005, wọ́n rí oríṣi sẹ́ẹ̀lì T kan tí interleukin-23 ń fún lókun, tó sì ń rán interleukin-17. Bí òye ṣe wá tò lẹ́sẹẹsẹ nìyí. Awọ fara pa tàbí kòkòrò wọ ọ̀fun. Sẹ́ẹ̀lì kan tó ní ẹ̀ka bí igi, tó ń ṣọ́nà nínú awọ, gba ìròyìn náà, ó sì rán interleukin-23. Sẹ́ẹ̀lì T gbọ́, ó rán interleukin-17. Sẹ́ẹ̀lì awọ gba ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i kánkán, ó sì tún ń pe ẹ̀jẹ̀ funfun sí i. Àwọn tó dé tún rán ońṣẹ́ tiwọn. Ìjà náà ń bọ́ ara rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí yóò dúró. Ìyára tí Van Scott wọ̀n ní 1963 àti ẹ̀jẹ̀ funfun tí Munro rí ní 1898 wà ní ipò wọn nínú ìtàn kan ṣoṣo.

Ustekinumab, tó ń mú ẹ̀yà kan tí interleukin-12 àti interleukin-23 jọ ní, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2009. Secukinumab tó ń mú interleukin-17 tẹ̀lé e ní 2015, guselkumab tó ń mú interleukin-23 nìkan sì dé ní 2017. Ní 2022, spesolimab gba àṣẹ fún sóráyásísì tó ń yọ ọyún tí Zumbusch kọ nípa rẹ̀ ní 1910. Ọdún 112 ló wà láàárín méjèèjì.

8. Ìdí tó fi ń padà sí ojúkan

Gbogbo ẹni tí sóráyásísì ń bá jà ló mọ ohun kan: bó bá lọ tí ó tún padà, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń padà sí. Ní 2004, Onur Boyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin awọ aláìsàn tí àrùn náà kò tíì yọ sí sára eku. Láìfi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kankan kún un, awọ náà di sóráyásísì. Sẹ́ẹ̀lì T tó ti ń gbé inú rẹ̀ ló ṣe é. Ní 2006, Rachael Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé sẹ́ẹ̀lì T tó ń gbé inú awọ àgbàlagbà tó nǹkan bí bílíọ̀nù 20, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Awọ ní ọmọ ogun tirẹ̀, wọ́n sì ní ìrántí. Bí ìpẹ́ bá lọ tán tí ojú sì rí awọ tó ń dán, àwọn kan nínú wọn ṣì wà ní ibùdó, wọ́n ń dúró. Ohun tí Koebner fura sí nígbà tó wo ojú eyín ẹṣin lára aláìsàn rẹ̀ ti wá ní orúkọ.

9. Lára àwa adúláwọ̀

Sóráyásísì kò wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó bó ṣe wọ́pọ̀ ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà tàbí ní Yúróòpù. Ó ṣọ̀wọ́n díẹ̀ pẹ̀lú láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Nítorí pé kò wọ́pọ̀, ó rọrùn láti ṣì í pè. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ń ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ojú awọ pupa. Lára awọ dúdú, ó lè dúdú bí àlùkò tàbí kí ó rí bí eérú, bó bá sì lọ, ó máa ń fi àpá dúdú tàbí àpá funfun sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè pè é ní làpálàpá, ní kúrúnà, tàbí, èyí tó burú jù, ní ẹ̀tẹ̀.

Àrùn HIV tún fún wa ní àdììtú kan. HIV ń dín sẹ́ẹ̀lì T kù, síbẹ̀ ó ń mú kí sóráyásísì le sí i. Ara ìdáhùn rẹ̀ ni pé oríṣi kan, CD4, ni HIV ń pa jù. Oríṣi kejì, CD8, tó pọ̀ nínú awọ òkè ní sóráyásísì, ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí sóráyásísì líle bá ṣàdédé yọ sí àgbàlagbà lára, dókítà tó mọṣẹ́ máa ń ní kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ìkunra tó ní steroid, tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà láìsí ìwé dókítà, ń pa àrùn yìí mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá lò ó lálòjù, awọ á fẹ́lẹ́. Bí a bá dá steroid dúró lójijì, pàápàá oríṣi èyí tí a ń gbé mì, àrùn náà lè padà pẹ̀lú ọyún. Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tí a sọ̀rọ̀ wọn gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Methotrexate, ìkunra àti ìtànṣán ni ó ṣì súnmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jù, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo methotrexate.

Ìparí

Ní 2014, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva pe sóráyásísì ní àrùn líle tí kì í ràn, ó sì ní kí àwọn ìjọba bá ìtìjú tí wọ́n fi ń kan aláìsàn jà. Ìròyìn tí àjọ náà gbé jáde ní 2016 sọ pé ó kéré tán, èèyàn mílíọ̀nù 100 ló ní àrùn náà káàkiri ayé. Nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló tún ní làkúrègbé tó jẹ mọ́ ọn, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń jà nínú awọ lè wọ oríkèé ara pẹ̀lú.

Ìtàn yìí ti fi ìdáhùn kan lé wa lọ́wọ́. Aláìsàn sóráyásísì kò dọ̀tí, ẹnikẹ́ni kò sì ṣépè fún un. Ètò tí ara rẹ̀ fi ń dáàbò bò ó ni ó ṣì í mú ní ọ̀tá. Nínú ìwé, orúkọ ẹ̀tẹ̀ ti kúrò lára àrùn yìí láti 1841. Ní àgbàlá, lọ́jà àti nínú ilé ìjọsìn, iṣẹ́ tí Hebra bẹ̀rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa: kí a bá aláìsàn bọ ọwọ́, kí a bá a jókòó lórí àga kan náà, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ awọ.